Ó Dùn, àbí Ó Dára? Ọ̀rọ̀ Ìdájọ́ Lẹ́nu Àwọn Òǹkàwé Fánfíkì

1. Ìfáàrà

Òǹkàwé méjì lè ka ìtàn kan náà, kí ọ̀kan sọ pé ó dùn, kí èkejì sọ pé kò dára, kí àwọn méjèèjì sì máa sọ òótọ́. Ibi tí èyí ti hàn gbangba jù ni àárín àwọn tó ń ka fanfiction, ìyẹn ìtàn àròsọ tí olólùfẹ́ ìwé, fíìmù tàbí eré orí tẹlifíṣọ̀n kan kọ nípa àwọn ẹ̀dá ìtàn tí ẹlòmíràn ti kọ́kọ́ dá sílẹ̀. Àwọn òǹkàwé yìí ní ọ̀rọ̀ púpọ̀ tí wọ́n fi ń dájọ́, ojoojúmọ́ ni wọ́n sì ń lò ó. Nínú iṣẹ́ yìí, a fẹ́ ṣàlàyé ohun tí wọ́n ń wò kí wọ́n tó sọ pé ìtàn kan wù wọ́n, ohun tí wọ́n ń wò kí wọ́n tó sọ pé ó dára, àti ìdí tí ìdájọ́ méjèèjì fi máa ń yapa.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ yanjú ọ̀rọ̀ orúkọ. Àwọn tó ń sọ èdè Faransé ń pè é ní fanfiction bí àwọn Gẹ̀ẹ́sì, tàbí fanfic ní kúkúrú. Ní Yorùbá, «olólùfẹ́» ni àwọn olórin àti àwọn òṣèré máa ń pe àwọn tó fẹ́ràn iṣẹ́ wọn, nítorí náà «ìtàn olólùfẹ́» ì bá bá a mu. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá gbọ́ ọ yóò rò pé ìtàn ìfẹ́ láàárín ọkùnrin àti obìnrin ni. Bí ó sì ti jẹ́ pé ìfẹ́ ni púpọ̀ nínú irú ìtàn bẹ́ẹ̀ dá lé, àṣìgbọ́ náà kò ní tètè hàn sí ẹnikẹ́ni. Fánfíkì ni a ó máa lò nínú iṣẹ́ yìí, a ó sì máa pe iṣẹ́ tí ó ti jáde ní ìtàn ìpilẹ̀.

Kí ló fà á tí ọ̀rọ̀ yìí fi yẹ fún ẹ̀ka ìmọ̀ ẹ̀dá-èdè? Akẹ́kọ̀ọ́ tó ń ka fánfíkì kì í sábà jẹ́wọ́ rẹ̀ níwájú olùkọ́. Ìdájọ́ tí à ń ṣe fún un kò ju gbólóhùn kan lọ: kì í ṣe lítíréṣọ̀. A ń dá ẹjọ́ náà láì tíì gbọ́ tẹnu àwọn tó ń kà á, bẹ́ẹ̀ àwọn gan-an ni wọ́n ní òṣùwọ̀n tí wọ́n fi ń ya oko sọ́tọ̀ kúrò lára èpò.

2. Ìtàn kúkúrú nípa àṣà náà

Ó ti pẹ́ kí íntánẹ́ẹ̀tì tó dé ni àṣà yìí ti wà. Nígbà tí Arthur Conan Doyle pa Sherlock Holmes nínú ìtàn tó tẹ̀ jáde ní 1893, àwọn òǹkàwé kò gbà. Ní 1903, ó dá a padà. Àwọn olólùfẹ́ Holmes ló fẹsẹ̀ ọ̀rọ̀ náà canon múlẹ̀ nínú ọ̀rọ̀ ìtàn àròsọ. Ọ̀rọ̀ ìjọ Kátólíìkì ni wọ́n yá láti fi tọ́ka sí ìwé ìtàn 4 àti ìtàn kúkúrú 56 tí Doyle fúnra rẹ̀ kọ, kí ohun tí àwọn ẹlòmíràn fi kún un má baà dà pọ̀ mọ́ ọn. Lẹ́yìn ìyẹn, eré Star Trek bẹ̀rẹ̀ lórí tẹlifíṣọ̀n Amẹ́ríkà ní 1966. Ní 1967, àwọn olólùfẹ́ ti gbé Spockanalia jáde, ìwé àtìgbàdégbà tí wọ́n fọwọ́ ara wọn tẹ̀. FanFiction.Net dé ní 1998, Archive of Our Own sì ṣí ilẹ̀kùn rẹ̀ ní 2009. Iṣẹ́ tó wà lórí èyí tó kẹ́yìn yìí ti kọjá mílíọ̀nù 10 báyìí, ó sì gba ẹ̀bùn Hugo ní 2019.

3. Dùn mí, dùn mọ́ mi

Èdè wa ràn wá lọ́wọ́ níbí. Ní Yorùbá, ìtàn kan lè dára, ó lè dùn, ó lè wu ènìyàn, ṣùgbọ́n gírámà àwọn ọ̀rọ̀-ìṣe mẹ́ta yìí kò dọ́gba. «Ìtàn náà dára» jẹ́ odidi gbólóhùn. Ó dà bí ẹni pé ara ìtàn náà ni dídára wà, yálà a rí ẹni tó kà á tàbí a kò rí. «Wù» kò rí bẹ́ẹ̀. A ní láti dárúkọ ẹni tí ọ̀rọ̀ kàn: «Ìtàn náà wù mí». Bí a bá sọ pé «Ìtàn náà wù» tí a sì dákẹ́, ẹni tó ń gbọ́ wa yóò máa retí ìyókù.

Àárín méjèèjì ni «dùn» wà, òun ló sì ní ẹ̀kọ́ jù. Ó lè dá dúró: «Ìtàn náà dùn». Bí a bá fi «mọ́» tì í, adùn náà dé ọ̀dọ̀ ẹnì kan: «Ìtàn náà dùn mọ́ mi». Ṣùgbọ́n bí àbọ̀ bá tẹ̀lé e tààrà, ìtumọ̀ dojú délẹ̀: «Ọ̀rọ̀ náà dùn mí», ìyẹn ni pé ó bà mí nínú jẹ́. Ibẹ̀ ni a ti ní «adùn» ní ọwọ́ kan, «ẹ̀dùn» ní ọwọ́ kejì. Bóyá ọ̀rọ̀-ìṣe kan ni, tàbí méjì tí ìró wọn kàn bára mu, iṣẹ́ mìíràn ni yóò yanjú ìyẹn.

Ohun tó kàn wá ni pé àwọn òǹkàwé fánfíkì máa ń sọ méjèèjì pọ̀. Irú ìtàn kan wà tí wọ́n ń pè ní hurt/comfort: ìyà yóò jẹ ẹ̀dá ìtàn kan, bóyá àìsàn, bóyá ọgbẹ́ ogun, ẹ̀dá ìtàn mìíràn yóò sì tọ́jú rẹ̀. Òǹkàwé tó bá fẹ́ yin irú ìtàn yìí kì í sọ pé ó kọ ọ́ dáadáa. Ó máa ń sọ pé òun sunkún, pé òǹkọ̀wé ti pa òun, pé òun kò ní dárí jì í. Ẹni tí kò mọ àṣà náà yóò rò pé ìbínú ni. Ìyìn gidi ni: ó dùn mí, nítorí náà ó dùn mọ́ mi.

Orísun adùn kejì ni pé òǹkàwé ti mọ àwọn ẹ̀dá ìtàn náà kí ó tó dé ibẹ̀. Òǹkọ̀wé kò ní fi ojú ìwé mẹ́wàá ṣàlàyé ta ni Holmes. Bákan náà ni ẹni tó ń pàlọ́ kì í ṣàlàyé ta ni Ìjàpá. Ọmọdé mọ̀ pé ọ̀kánjúwà ni, ó mọ Yánníbo ìyàwó rẹ̀. Ohun tó ń dúró dè ni ọgbọ́n àrékérekè tí Ìjàpá yóò ta lọ́tẹ̀ yìí. Francesca Coppa kọ ọ́ ní 2006 pé eré orí ìtàgé ni ó yẹ ká fi fánfíkì wé, kì í ṣe ìwé ìtàn àròsọ, nítorí pé eré kan náà ni a lè wò lọ́pọ̀ ìgbà lọ́wọ́ onírúurú òṣèré, tí a ó sì máa fi ti òní wé ti àná. Ẹni tó bá ti wo Gẹ̀lẹ̀dẹ́ ní Kétu rí kò nílò àlàyé púpọ̀ lórí èyí. Àwọn èrò ìwòran ti mọ irú agọ̀ tó ń bọ̀. Bí ẹsẹ̀ oníjó ṣe ń dá ìlù lóhùn ni wọ́n ń wò. Bí ẹnì kan bá ní «a ti rí eléyìí rí», kò tíì sọ nǹkankan.

Ìyàtọ̀ kan wà ṣá o, a kò sì gbọdọ̀ fojú fò ó. Kò sí ẹni tó ni Ìjàpá. Spock ní ẹni tó dá a sílẹ̀, ó sì ní ilé iṣẹ́ tó ni ín. A ó padà sórí èyí.

Orísun kẹta ni àbùkù ìtàn ìpilẹ̀. Ẹ̀dá ìtàn tí òǹkàwé fẹ́ràn kú lójijì, tàbí àwọn méjì tó yẹ kí wọ́n bára wọn sọ̀rọ̀ kò sọ ọ́, tàbí òǹkọ̀wé kàn ti ìránṣẹ́bìnrin kan sí ẹ̀yìn ilẹ̀kùn láti orí kìn-ín-ní dé ìparí. Fánfíkì tó bá tún irú nǹkan bẹ́ẹ̀ ṣe ni wọ́n ń pè ní fix-it. Òǹkàwé tí inú ń bí sí ìparí ìwé lè ka fix-it mẹ́wàá tẹ̀léra, kí èrèdí rẹ̀ má ju pé ó ń wá èyí tí yóò gbà gbọ́.

4. Ohùn ẹ̀dá ìtàn

Ní ti dídára, ìbéèrè àkọ́kọ́ tí àwọn òǹkàwé máa ń béèrè kò jẹ mọ́ àhunpọ̀ ìtàn. Wọ́n ń béèrè bóyá ẹ̀dá ìtàn náà ń hùwà bí ara rẹ̀. Bí kò bá rí bẹ́ẹ̀, lẹ́tà mẹ́ta péré ni wọ́n fi ń dájọ́ rẹ̀: OOC, ìyẹn pé ìwà kúrò lára oníwà. Ọ̀mọ̀wé lítíréṣọ̀ yóò sọ pé ọ̀rọ̀ ìfìwàwẹ̀dá ni. Òótọ́ ni, ṣùgbọ́n níhìn-ín, òdiwọ̀n ti wà nílẹ̀ kí òǹkọ̀wé tó mú kálàmù.

Ẹ wo Spock. Ẹ̀jẹ̀ Vulcan àti ti ènìyàn ló dà pọ̀ lára rẹ̀, ó sì ti kọ́ láti kó ìmọ̀lára rẹ̀ ní ìjánu. Bí fánfíkì kan bá jẹ́ kí ó sunkún ní ojú ìwé kìn-ín-ní, OOC ni wọn yóò sọ. Bẹ́ẹ̀ Spock sunkún nínú Star Trek fúnra rẹ̀, nínú ìpín kan tí àkọlé rẹ̀ ń jẹ́ The Naked Time (1966), nígbà tí àrùn kan tú ìjánu náà. Ẹkún náà kọ́ ni ẹ̀ṣẹ̀, nígbà náà. Ohun tí òǹkàwé ń wò ni bóyá òǹkọ̀wé la ọ̀nà tí Spock gbà dé ibi ẹkún. Nítorí èyí ni wọ́n ṣe lè gba ìtàn tó mú Spock kúrò nínú ọkọ̀ òfuurufú pátápátá, tó sọ ọ́ di ẹni tó ń ta kọfí ní ìlú kan lónìí. Irú ìtàn bẹ́ẹ̀, tí wọ́n ń pè ní AU, lè yí ayé, iṣẹ́ àti ọjọ́ orí padà. Ìwà nìkan ni kò gbọdọ̀ yí.

Èdè ni wọ́n fi ń mọ̀ ọ́n. Holmes máa ń fi ohun kékeré ṣe ìpìlẹ̀ ọ̀rọ̀: ẹrẹ̀ lára ṣòkòtò, àpá lórí ìka ọwọ́. Dókítà Watson ló sì ń sọ ọ̀pọ̀ jù nínú àwọn ìtàn náà, pẹ̀lú ohùn ọkùnrin tó ti ogun Afghanistan bọ̀ tí kò sì fẹ́ràn àṣejù. Òǹkàwé tó mọ àwọn ìtàn náà dáadáa lè gbọ́ gbólóhùn kan kí ó ní «Watson kò lè sọ báyìí láéláé». Bí a bá bi í ní òfin tí gbólóhùn náà rú, kò ní lè sọ ọ́. Ipò tí ẹlẹ́dè abínibí wà gan-an nìyẹn nígbà tí onímọ̀ ẹ̀dá-èdè bá gbé gbólóhùn kalẹ̀ níwájú rẹ̀: ó mọ èyí tó tọ̀nà, ó mọ èyí tó wọ́, àlàyé ni kò ní. Ní tèmi, ibí yìí ni fánfíkì ti wúlò jù fún wa. Ẹgbẹẹgbẹ̀rún ènìyàn ló ń dájọ́ lójoojúmọ́ lórí èdè ẹnì kan ṣoṣo tí kò tilẹ̀ gbé ayé rí, ìdájọ́ wọn sì máa ń bára mu ju bí a ṣe lè retí lọ.

Wọ́n ní ọ̀rọ̀ fún ọ̀kan nínú àwọn àṣìṣe yìí pàápàá. Nígbà tí àwọn ará Amẹ́ríkà bẹ̀rẹ̀ sí kọ fánfíkì nípa Harry Potter, àwọn ọmọ ilé ìwé ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì inú ìtàn náà ń sọ̀rọ̀ bí ọmọ Amẹ́ríkà. Ọ̀rọ̀ kan náà, pants, ṣòkòtò ni lẹ́nu ará Amẹ́ríkà, àwọ̀tẹ́lẹ̀ sì ni lẹ́nu ará Gẹ̀ẹ́sì; ẹ lè fojú inú wo ẹ̀rín tó ń tìdí rẹ̀ yọ. Àwọn òǹkọ̀wé bá bẹ̀rẹ̀ sí wá ọmọ Gẹ̀ẹ́sì tí yóò bá wọn ṣa irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ kúrò, wọ́n sì pe iṣẹ́ náà ní brit-picking. Ẹni tó bá ti ka ìtàn tí ìyá àgbà kan láti Ṣábẹ ti ń sọ̀rọ̀ bí oníròyìn rédíò Ìbàdàn mọ ohun tí wọ́n ń sá fún.

Àkọtọ́ àti bí a ṣe ń pín ìpínrọ̀ tún wà lára ohun tí wọ́n ń wò, ṣùgbọ́n kò sí ohun tó ṣàjèjì níbẹ̀. Bí ẹnì kan bá sì ní púpọ̀ nínú fánfíkì kò dára, àwọn òǹkàwé rẹ̀ kì í jiyàn. Wọn yóò rán an létí ọ̀rọ̀ Theodore Sturgeon, òǹkọ̀wé ọmọ Amẹ́ríkà, tó ní ìdá mẹ́sàn-án nínú mẹ́wàá ohun gbogbo jẹ́ pàǹtírí, ìwé tí à ń rà lọ́jà náà kò sì yọ sílẹ̀.

5. Mary Sue, tàbí bí ọ̀rọ̀ ìdájọ́ ṣe di pàṣán

Ní 1973, Paula Smith kọ ìtàn kúkúrú kan nínú ìwé àtìgbàdégbà àwọn olólùfẹ́ Star Trek láti fi ṣe yẹ̀yẹ́ irú ìtàn tó ti sú u. Ọmọbìnrin kan ń bẹ níbẹ̀ tí ó ń jẹ́ Mary Sue, ọmọ ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún àti ààbọ̀, tó ti di ọ̀gá kékeré nínú ọkọ̀ òfuurufú. Ó rẹwà, ó gbọ́n, Kirk fẹ́ràn rẹ̀ lójú ẹsẹ̀, ó gba gbogbo wọn là, ó sì kú kí wọ́n lè sunkún rẹ̀. Yẹ̀yẹ́ náà bá ohun tó ń ṣẹlẹ̀ mu. Ọ̀pọ̀ òǹkọ̀wé tuntun ló máa ń fi ara wọn sínú ìtàn bẹ́ẹ̀, tí àwọn ẹ̀dá ìtàn yòókù á sì pa ìwà wọn tì láti máa yìn wọ́n.

Ọ̀rọ̀ náà kò dúró síbẹ̀. Orúkọ ẹnì kan ṣoṣo di orúkọ gbogbogbòò, ìyípadà tí àwọn onímọ̀ ẹ̀dá-èdè mọ̀ dáadáa. Lẹ́yìn náà ni ìtumọ̀ rẹ̀ gbòòrò títí ó fi kan obìnrin èyíkéyìí tó bá mọ nǹkan ṣe nínú ìtàn. Camille Bacon-Smith, nínú ìwé rẹ̀ Enterprising Women (1992), ròyìn pé àwọn obìnrin kan tó ń kọ fánfíkì kò fẹ́ dá ẹ̀dá ìtàn obìnrin sílẹ̀ mọ́, nítorí ẹ̀rù pé wọn yóò pè é ní Mary Sue. Ẹ kíyè sí i: obìnrin ló pọ̀ jù láàárín àwọn tó ń kọ ọ́ àti àwọn tó ń kà á. Ọ̀rọ̀ tí wọ́n dá láti tọ́ ọwọ́ ara wọn sọ́nà ló wá dí wọn lọ́nà. Akọni ọkùnrin tó mọ gbogbo nǹkan, tí gbogbo obìnrin sì ń fẹ́, ti pẹ́ nínú ìtàn àròsọ kí 1973 tó dé. Orúkọ ẹ̀gàn kankan kò lẹ̀ mọ́ ọn tó bẹ́ẹ̀.

6. Àmì, ìlérí àti àtúnṣe

Lórí Archive of Our Own, òǹkàwé lè fi kudos sílẹ̀, ẹ̀ẹ̀kan péré fún iṣẹ́ kan. Kò sí àmì tí ó lè fi sọ pé kò dára. Nítorí náà, ẹni tó bá ka iye kudos láti mọ iṣẹ́ tó dára jù yóò ṣìnà: «ó dùn mọ́ mi» ni ó ń kà. Ìtàn nípa Harry Potter yóò sì rí òǹkàwé ju ìtàn nípa ìwé tí ènìyàn díẹ̀ mọ̀ lọ, bí ó ti wù kí èkejì dára tó.

Ohun tó tún ṣe pàtàkì ni àwọn àmì tí òǹkọ̀wé fúnra rẹ̀ ń kọ sí iwájú ìtàn. Kirk/Spock kì í ṣe Kirk & Spock: ìlà dídagun sọ pé ìfẹ́ ni, àmì kejì sọ pé ọ̀rẹ́ tàbí ẹbí ni. Àwọn olùyọ̀ǹda-ara-ẹni kan wà tí iṣẹ́ wọn jẹ́ láti so àwọn àmì tó jọra pọ̀, kí ẹni tó bá wá ọ̀kan lè rí ìyókù. Ẹni tó ti ṣe àkójọ ọ̀rọ̀ fún ìwé atúmọ̀-èdè rí yóò mọ làálàá wọn. Àwọn òǹkọ̀wé mìíràn tilẹ̀ máa ń kọ OOC síbẹ̀ fúnra wọn, wọ́n jẹ́wọ́ ẹ̀ṣẹ̀ kí adájọ́ tó dé. Báyìí ni òdiwọ̀n tuntun ṣe wọlé. Ìtàn lè ní èdè tó gún régé kí àwọn òǹkàwé sì bínú sí i, nítorí pé àmì iwájú rẹ̀ ṣèlérí ìparí aláyọ̀, ikú ni wọ́n bá níbẹ̀.

Ṣé ó yẹ kí òǹkàwé tọ́ka àṣìṣe fún òǹkọ̀wé tí kò béèrè? Àríyànjiyàn yìí kì í parí. Àwọn kan ní ẹ̀bùn ni fánfíkì, ẹnikẹ́ni kò sanwó fún un, ẹni tí kò bá wù kó kọjá lọ. Bí àtúnṣe bá wà, ti ẹni tó ń ka iṣẹ́ náà ṣáájú ni, èyí tí wọ́n ń pè ní beta. Àwọn mìíràn ní ẹni tí a kò bá sọ òótọ́ fún kò ní mọ̀ ọ́n kọ láéláé. S. A. Babalọlá, nínú ìwé rẹ̀ lórí ìjálá (1966), ṣàlàyé pé bí oníjàálá kan bá ṣi ọ̀rọ̀ sọ, akẹgbẹ́ rẹ̀ lè dá a dúró ní gbangba kí ó tún un ṣe, ẹni tí a tọ́ sọ́nà náà sì ní ẹ̀tọ́ láti gbèjà ara rẹ̀. Ṣùgbọ́n àwọn tó ti kọ́ṣẹ́ nìyẹn, tí wọ́n dúró lójú agbo kan náà. Ẹni tó kọ fánfíkì lè jẹ́ ọmọ ọdún mẹ́rìnlá, ó sì lè jẹ́ èdè tó kọ́ ní ilé ìwé ló fi ń kọ ọ́. Irú àwọn bẹ́ẹ̀ pọ̀, wọ́n sì máa ń tọrọ àforíjì fún Gẹ̀ẹ́sì wọn kí ìtàn tó bẹ̀rẹ̀. Bí a bá wá sọ fún wọn pé iṣẹ́ wọn kò dára, èwo ni a dájọ́ rẹ̀, ìtàn ni tàbí èdè àjèjì? Èrò tèmi ni pé kí òǹkàwé kọ́kọ́ béèrè.

7. Ta ló ni ẹ̀dá ìtàn?

Henry Jenkins pe ìwé rẹ̀ ní Textual Poachers (1992). Ọ̀dọ̀ Michel de Certeau ló ti yá àfiwé náà: òǹkàwé dà bí ọdẹ tó ń dọdẹ nínú igbó onígbó láìgba àṣẹ. Àwọn onígbó kan kò fẹ́ bẹ́ẹ̀. Anne Rice kọ̀ fún ẹnikẹ́ni láti fi àwọn ẹ̀dá ìtàn rẹ̀ kọ fánfíkì, George R. R. Martin náà sì ti sọ pé òun kò fẹ́ ẹ.

Inú àwọn òǹkàwé fúnra wọn pín sí méjì nígbà tí E. L. James mú fánfíkì tó ti kọ lórí Twilight, tó pààrọ̀ orúkọ àwọn ẹ̀dá ìtàn rẹ̀, tó sì tẹ̀ ẹ́ jáde ní 2011 ní Fifty Shades of Grey. Àwọn kan yọ̀ pé ọ̀kan nínú wọn là. Àwọn mìíràn ní ẹ̀bùn ni ó ti jẹ́, àwọn sì wà lára àwọn tó bá a gbé e ró pẹ̀lú ọ̀rọ̀ ìyànjú. Báwo ni ẹ̀bùn ṣe di ọjà? Àwọn alárìíwísí kò yin èdè ìwé náà, ó sì tà bí ẹní ta omi lójú ọ̀dá. «Dùn» àti «dára» tún yapa, lọ́tẹ̀ yìí níwájú àwọn tí kò ka fánfíkì rí.

Síbẹ̀, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ wa ń ka Kamel Daoud láìfi pamọ́. Ìwé rẹ̀, Meursault, contre-enquête (2013), mú L'Étranger ti Camus, ó fún ará Lárúbáwá tí wọ́n pa létí òkun ní orúkọ, ó sì jẹ́ kí àbúrò olóògbé sọ tẹnu rẹ̀. Nínú èdè àwọn òǹkàwé fánfíkì, ó ń tún àbùkù ìtàn ìpilẹ̀ ṣe, ó sì ń fún ẹni tí wọ́n tì sẹ́yìn ilẹ̀kùn ní ohùn. Wọ́n fún un ní Goncourt ti ìwé àkọ́kọ́ ní 2015. Òǹkàwé tí kò tíì ka Camus yóò gbọ́ arúgbó kan tó ń rojọ́ nínú ilé ọtí kan ní ìlú Oran, ìtàn náà sì lè dùn mọ́ ọn. Ẹni tó ti kà á yóò máa gbọ́ ohùn méjì lẹ́ẹ̀kan náà, òun nìkan ló sì lè sọ bóyá Daoud gbọ́ ohùn àkọ́kọ́ dáadáa.